Ọdún 54 Kì Í Ṣe Gbèdéke: Ìtumọ̀ Ìṣirò Ọjọ́ Ayé fún Alájẹṣẹ́kù

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ lóṣù yìí tó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti fẹ́ máa wọ inú àpò ẹgbẹ́. Àwọn kan nínú wa gbọ́ lórí rédíò, àwọn mìíràn kà á nínú ìwé ìròyìn, pé ọjọ́ ayé ọmọ Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ọdún 54 lọ. Ni wọ́n bá ń sọ pé, "Tó bá jẹ́ 54 ni, èmi tí mo ti pé 49 ńkọ́? Kí ni mo tún ń fowó pamọ́ dè? Ẹ kó owó mi fún mi kí n jẹ ẹ́ nígbà tí ẹnu ṣì ń jẹun."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ ní 49 nítorí ó rò pé ilẹ̀ ti ṣú fún òun, tó wá wà láàyè títí di 78, ọdún 29 gbáko ni yóò fi máa wo ojú ọmọ kó tó jẹun. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tú iye náà palẹ̀, ká wo ohun tó ń sọ àti ohun tí kò sọ.

NÍBO NI 54 TI WÁ?

Iye náà kì í ṣe irọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2024. Ohun tí wọ́n ń wí ni iye ọdún tí à ń retí pé ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yóò lò láyé, tí a bá pín in dọ́gba. Ẹ fi etí sí nǹkan méjì níbẹ̀ dáadáa: "ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí", àti "tí a bá pín in dọ́gba". Ibi méjì yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní a bí ọmọ 10 lọ́jọ́ kan náà ní àdúgbò kan. Ọ̀kan kú ní ọmọ ọdún 1, èkejì kú ní ọmọ ọdún 2. Ìkẹta kú ní 27 nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ìkẹrin kú ní 45. Àwọn 6 tó kù lo 60, 66, 70, 75, 80 àti 84. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 510 ni. Ẹ pín in sí ọ̀nà 10, ó di 51. Oníṣirò á wá sọ pé ọjọ́ ayé àwọn ará àdúgbò náà jẹ́ 51. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ta ló kú ní 51 nínú wọn? Kò sí ẹnì kankan!

Ẹ wá mú àwọn 6 tó kọjá 50 nìkan. Àpapọ̀ ọdún tiwọn jẹ́ 435. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 6, ó di 72 àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti pé 50 ní àdúgbò yẹn ṣì ní ọdún 22 àti ààbọ̀ níwájú, kì í ṣe ọdún 1 tí ẹni tó gbọ́ "51" á máa rò.

Ó tún ku ẹyọ kan. Ká ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi tó mọ́ gba àwọn ọmọ 2 yẹn là, tí àwọn náà sì lo 70 ọdún. Àpapọ̀ á di 647, ìpíndọ́gba á sì di 64.7. Ọjọ́ ayé àdúgbò ti fi ohun tó lé ní ọdún 13 gùn sí i, bẹ́ẹ̀ kò sí àgbàlagbà kan tó rí ọjọ́ kan kún tiẹ̀. Ọmọdé ló ń fa iye náà wálẹ̀, ọmọdé náà ló ń gbé e sókè.

IKÚ ỌMỌDÉ NI ÌDÍ Ọ̀RỌ̀

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Nàìjíríà náà nìyẹn. Nínú ìwádìí ìlera ìdílé tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe ní 2018, wọ́n rí i pé nínú gbogbo ọmọ 1,000 tí a bí láàyè, 132 ni kì í pé ọdún 5. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2023 sí 2024, ó ti dín kù sí 110. Ó dára pé ó dín kù, ṣùgbọ́n ọmọ 1 nínú 9 ṣì ni. Kò sì dọ́gba káàkiri. Ó kéré ní ìhà tiwa ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ó pọ̀ gan-an ní ìwọ̀ oòrùn àríwá. Iye kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè fún gbogbo orílẹ̀-èdè ń da gbogbo wa pọ̀ sínú apẹ̀ kan ni.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí oníṣirò tó dé. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé, ara ọmọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́: orúkọ wọ̀nyí ni ìwé àkọsílẹ̀ ikú ọmọdé nílẹ̀ Yorùbá. Ìyá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀, ó ti sin ju ọ̀kan lọ.

Ẹni tó bá ti la ọdún 5 kọjá ti bọ́ nínú ewu ńlá kan. Ẹni tó bá wá ti pé 60, a ṣì ń retí ohun tó lé ní ọdún 10 sí i fún un, ní Nàìjíríà wa yìí kan náà. Ẹ ro ó wò: ẹni 60 ọdún ni òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, bí kò bá tíì lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé 54 ni òpin, àwọn wo ló ń tò fún owó ìfẹ̀yìntì?

Ẹ MÁ JẸ́ KÍ POSTA TÀN YÍN

Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni tiẹ̀. Á ní, "Irọ́ ni 54 yẹn. Gbogbo posta òkú tí mo ń rí lára ògiri, 85, 92, 101 ni." Òun náà kò gbà á bó ṣe yẹ. Ta ni wọ́n ń tẹ posta fún? Òkú àgbà ni. Òkú òfò kì í ní aṣọ ẹbí, wọn kì í gbé màlúù sílẹ̀ fún un, wọn kì í sì í lẹ ọmọ ọwọ́ tó kú mọ́ ògiri. Ẹni tó bá fi posta ka òkú, ìdajì ìwé ló kà.

Bákan náà ni ẹni tó bá kàn ro ọjọ́ orí àwọn tó kú pọ̀ tó sì pín in, láìbéèrè àwọn tó wà láàyè. Ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, kí ẹ kó ọjọ́ orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kú níbẹ̀ jọ. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 20 sí 22. Ṣé ìwé kíkà ló ń pa wọ́n ní 21 ni? Rárá o! Àwọn ọ̀dọ́ ló wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ́ ni ẹni tó bá kú níbẹ̀ yóò jẹ́. Ìdí nìyí tí ìṣirò gidi fi gbọ́dọ̀ mọ nǹkan méjì: iye àwọn tó kú ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, àti iye àwọn tó wà láàyè ní ọjọ́ orí kan náà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Àwọn oníṣirò kò lè dúró ti ọmọ tí a bí lọ́dún yìí títí yóò fi dàgbà kó sì kú kí wọ́n tó kọ iye sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn á ti lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú ọdún kan, wọ́n á béèrè pé: nínú 1,000 ọmọ ọwọ́, mélòó ló kú lọ́dún náà? Nínú 1,000 ẹni ọdún 1, mélòó? Nínú 1,000 ẹni ọdún 30? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó. Wọ́n á wá ṣe bí ẹni pé àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yóò gba inú gbogbo ewu ọdún yẹn kọjá, láti èwe dé ogbó. Iye ọdún tí gbogbo wọn bá lò, wọ́n á pín in dọ́gba.

Nítorí náà, àwòrán ọdún kan ni iye yìí, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ wo ti àrùn kòrónà. Ní 2019, iye ti gbogbo ayé lé ní 72. Ó já sí nǹkan bí 71 ní 2021. Nígbà tó fi di 2023, ó ti padà kọjá 73. Kì í ṣe pé ẹnì kan gba ọdún lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n bí ní 2021 kó tún dá a padà. Ewu ọdún yẹn ló pọ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1662, oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Graunt, kó àwọn ìwé òkú tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìlú náà jọ, ó sì ṣírò pé nínú ọmọ 100, 36 ni kì í pé ọdún 6. Ní 1693, Edmond Halley, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù kan, gba àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ìlú Breslau, tí wọ́n ń pè ní Wrocław ní Poland lónìí. Àlùfáà kan níbẹ̀, Caspar Neumann, ló ti fara balẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Halley wá ṣe tábìlì kan nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000 ọmọ ọdún kìíní. Nígbà tí yóò fi di ẹni 50, 346 ló kù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe já tó! Ṣùgbọ́n nínú 346 yẹn, 242 dé 60, 142 sì dé 70. Nígbà tí kò sí abẹ́rẹ́, tí kò sí oògùn ibà tó jíire, ẹni 2 nínú gbogbo ẹni 5 tó bá ti pé 50 ló ń dé 70.

Kí nìdí tí Halley fi ṣe wàhálà yìí? Owó ni. Nígbà náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gba owó lọ́wọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa san díẹ̀díẹ̀ padà fún un lọ́dọọdún títí yóò fi kú. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọdé àti arúgbó. Halley fi hàn wọ́n pé ẹni tó kéré yóò gba owó náà pẹ́ ju àgbà lọ, nítorí náà kò yẹ kí iye tí wọ́n máa kọ́kọ́ san jẹ́ ọgbọọgba.

ÀWỌN ÀLÙFÁÀ SCOTLAND

Ìtàn tó kan ẹgbẹ́ bíi tiwa gan-an nìyí. Láyé àtijọ́ ní Scotland, bí àlùfáà bá kú, ìyà ló máa ń jẹ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Àlùfáà méjì, Robert Wallace àti Alexander Webster, gbìmọ̀ pé kí gbogbo àlùfáà máa dá owó lọ́dọọdún, kí wọ́n fi ṣòwò, kí èrè rẹ̀ máa bọ́ àwọn opó. Àdúrà nìkan kọ́ ni wọ́n gbà lórí rẹ̀ o. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọ gbogbo pé kí wọ́n sọ iye àlùfáà tó ń kú àti iye opó tó ń kù. Wọ́n rí i pé nínú nǹkan bí 930 àlùfáà tó máa ń wà láàyè, 27 ló ń kú lọ́dún kan, 18 nínú wọn ló sì ń fi opó sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè mọ èwo nínú wọn ni yóò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye tí yóò kú, ìyẹn sì tó wọn. Ẹni tó bá ń san póùn 2, ṣílè 12 àti pẹ́ńsì 2 lọ́dún, opó rẹ̀ yóò máa gba póùn 10. Ẹni tó bá fẹ́ kí tiẹ̀ gba 25, yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1744 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣírò pé tó bá fi di 1765, póùn 58,348 ni yóò wà nínú àpò. Nígbà tí ọdún náà pé, 58,347 ni wọ́n bá níbẹ̀. Póùn kan péré ló yẹ̀!

Ẹ̀yin akápò àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ gbọ́ o. Ohun tó ń tú owó ìrànwọ́ ikú ká nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe olè nìkan. Wọ́n á kàn dá iye owó lé e láìmọ iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ti dàgbà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣì kéré lọ́jọ́ orí, òkú kì í pọ̀, owó á máa ga. Lẹ́yìn ogún ọdún, gbogbo yín á ti jọ dàgbà, òkú á máa tẹ̀ lé òkú, àpò á sì gbẹ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù.

TA LÓ KA ÒKÚ WA?

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Ní orílẹ̀-èdè tí a ti ń sin òkú sẹ́yìnkùlé láìsọ fún ìjọba, báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tó kú?" Ìbéèrè gidi ni. Ní Sweden, láti 1749 ni ìjọba ti ń kó iye ìbí àti ikú jọ láti gbogbo ìjọ. Níbí, ìkànìyàn gbogbo orílẹ̀-èdè tí a ṣe kẹ́yìn, 2006 ni, ọ̀pọ̀ ikú ni kì í sì í dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n ni wọ́n ń dá. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, William Brass, ló fi hàn pé a lè béèrè ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ obìnrin: ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló wà láàyè? Nínú ìdáhùn yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ orí ìyá, wọ́n lè ṣírò bí ikú ọmọdé ṣe pọ̀ tó. Fún ti àgbà, wọ́n lè béèrè pé: ṣé ìyá yín ṣì wà?

Ọjọ́ orí gan-an jẹ́ ìṣòro. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ wa, 40, 45, 50, 60 là ń dá. Ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹni 43 tàbí 57! Ìdí nìyẹn tí àwọn akànìyàn fi máa ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bí èèyàn. Ṣé ẹ ti wà láyé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955? Ṣé ẹ ti ń rìn nígbà òmìnira, 1960? Ṣé wọ́n ti bí yín nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ní 1972, tàbí nígbà tí náírà dé ní 1973?

OHUN TÓ Ń GBÉ IYE NÁÀ SÓKÈ

Nílé wa níbí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Ní 1975, I. O. Orubuloye àti J. C. Caldwell gbé ìwádìí jáde lórí ìlú méjì ní Èkìtì, Ìdó àti Ìsinbọ̀dé. Ọsibítù wà ní Ìdó, kò sí ní Ìsinbọ̀dé. Èèyàn kan náà ni wọ́n, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ikú ọmọdé kéré púpọ̀ ní Ìdó ju Ìsinbọ̀dé lọ. Ní 1979, Caldwell tún fi ìwádìí Ìbàdàn hàn pé ọmọ ìyá tó kàwé kì í tètè kú bíi ti ìyá tí kò kàwé. Ṣáájú wọn, láti 1956, Dókítà David Morley ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọn ìwọ̀n wọn, ó sì ń fún ìyá ní káàdì kó lè rí i bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ẹ̀yin ìyá ń mú lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ó ti gbilẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn.

KÍ NI KÍ A WÁ ṢE?

Àkọ́kọ́, ẹ má fi 54 gé owó ìfipamọ́ yín. Ẹ má béèrè pé, "Ọdún mélòó ni ọmọ Nàìjíríà ń lò?" Ìbéèrè tiyín ni pé, "Èmi tí mo ti dé ibi tí mo dé yìí, mélòó ló ṣeé ṣe kó kù?" Ẹni tó ti pé 50 gbọ́dọ̀ múra de 75, kó tilẹ̀ múra kọjá bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa, nítorí pé obìnrin máa ń pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ.

Èkejì, ẹ fún akọ̀wé ní ọjọ́ orí yín gidi. Gbogbo wa mọ̀ pé ọjọ́ orí ilé wà, ọjọ́ orí iṣẹ́ sì wà. Ti iṣẹ́ wà láàárín ẹ̀yin àti ọ̀gá yín. Ṣùgbọ́n bí ẹni 58 bá pe ara rẹ̀ ní 48 nínú ìwé ẹgbẹ́, ìṣirò owó ìrànwọ́ ikú yóò wọ́, opó ẹlòmíràn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, títí kan ti ọmọ ọwọ́. Ó dùn wá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kà, ìjọba kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí àdúgbò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé ọmọ àti ọmọ ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó pé.

Àwọn àgbà ló sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọjọ́ ikú ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa, ṣùgbọ́n iye tí à ń fi pamọ́ lóṣooṣù wà lọ́wọ́ wa. Ìwé owó ìfipamọ́ yóò wà lórí tábìlì akápò ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó ti kọ̀wé pé òun fẹ́ kó owó òun nítorí 54 yìí, kó wá bá wa sọ ọ́ kó tó buwọ́ lù ú.